Omi Ya Wọ Iléeṣẹ́: Owó Ọjọ́ Wo Ni Òṣìṣẹ́ Lẹ́tọ̀ọ́ Sí?

Bí òjò bá pọ̀ lápọ̀jù, tí wọ́n sì ṣí omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, odò Ògùn a máa ya wọ àdúgbò bí Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti ìtòsí Mile 12. Iléeṣẹ́ tí omi bá wọ̀ kò lè tan ẹ̀rọ, ọkọ̀ ẹrù kò lè wọlé, wọ́n á ní káwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Tí oṣù bá wá parí, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń jáde lẹ́nu ọ̀gá ni pé àmúwá Ọlọ́run ni, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò lè gbowó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lòfin wí.

Abala 17 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ló sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni láti pèsè iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ tó bá yọjú, tí ara rẹ̀ sì le. Bí kò bá rí iṣẹ́ fún un, yóò san owó ọjọ́ náà bí ẹni pé iṣẹ́ ọ̀hún di ṣíṣe. Ọjọ́ ìsinmi àti ọlidé kò sí nínú èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ẹni tí wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

Àyọsílẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni omíyalé ti wọlé. Bí pàjáwìrì tàbí ohun mìíràn tó kọjá agbára agbanisíṣẹ́ bá dá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló di dandan. Ṣùgbọ́n òfin dè é lókùn: àsìkò náà kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àfi bí ọ́fíísà iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i pé kó gùn jù bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń fò.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣìṣẹ́ kan tó ń gba ₦78,000 lóṣù ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọjọ́ 26 lóṣù, nítorí náà owó ọjọ́ kan jẹ́ ₦3,000. Omi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, iléeṣẹ́ kò sì ṣí títí di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, ₦3,000 rẹ̀ pé. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé Sátidé, ọjọ́ márùn-ún, òfin kò fi dandan lé e, ₦15,000 lè lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọjọ́ Ajé kejì, ọ̀sẹ̀ kan ti pé. Bí kò bá sí ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọ́fíísà ìjọba, owó ọjọ́ Ajé àti ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tún di gbèsè lọ́rùn agbanisíṣẹ́. ₦63,000 ló yẹ kó wọlé lóṣù náà, kì í ṣe ₦57,000 tí wọ́n máa ń san nígbà tí wọ́n bá san ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan, tí wọ́n sì gé ọjọ́ méje tó kù mọ́ ọn lórí. Èyí gan-an ni ìtumọ̀ tó rọ agbanisíṣẹ́ lọ́rùn jù, torí agbẹjọ́rò lè jiyàn pé ìdádúró tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìgbàṣẹ kò sí lábẹ́ àyọsílẹ̀ náà rárá.

Kí ló wá kọjá agbára? Odò tó kún wọlé kọjá agbára. Dísù tó tán nínú jẹnẹrétọ̀ nítorí pé wọn ò rà á kò kọjá agbára ẹnikẹ́ni. Bí omi bá ti fà lọ́jọ́bọ̀, àmọ́ tí ẹ̀rọ ṣì dákẹ́ nítorí pé ọ̀gá kò tíì fẹ́ náwó lé e, ó ṣòro kí wọ́n ṣì máa ka àwọn ọjọ́ yẹn mọ́ omíyalé. Bẹ́ẹ̀ náà ni gọ́tà tí iléeṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ dí pa.

Ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń pàdánù jù ni ọ̀rọ̀ yíyọjú. Ẹni tó bá dé ẹnu géètì tí wọ́n dá padà ló ní ẹ̀rí. Ẹni tí omi ká mọ́ ilé rẹ̀, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, abala 17 kò gbà á. Àánú ọ̀gá tàbí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ló kù. Tó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí ẹnikẹ́ni má wá, kí òṣìṣẹ́ má pa á rẹ́. Kó fèsì pé òun ṣe tán láti wá.

Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá gbọ́n omi, kó gbá ẹrẹ̀, tàbí kó gbé àpò ẹrù lọ sórí òkè ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Owó ọjọ́ náà pé, ì báà jẹ́ ọjọ́ kẹta omi. Wọn ò sì lè kọ ọjọ́ kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí kò lówó, kí wọ́n tún yọ ọjọ́ kan náà kúrò nínú ìsinmi ọdọọdún rẹ̀. Ti ẹrù tó bà jẹ́ ńkọ́? Abala 5 kò fàyè gba kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù, àfi bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó jáfara, ọ́fíísà ìjọba sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i lórí ìwé kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀.

Òfin yìí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Òṣìṣẹ́ tó ń fagbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́. Lébìrà tó ń gba owó ojúmọ́ lọ́wọ́ kọngílá wà níbẹ̀. Máníjà àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ṣẹ́ bí ẹnjiníà kò sí níbẹ̀; ìwé àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ni kí wọ́n lọ kà. Níbi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá sì ti bá iléeṣẹ́ ṣe àdéhùn mìíràn lórí ìdádúró iṣẹ́, àdéhùn yẹn ló lékè, nítorí náà òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè.

Bí wọ́n bá tìtorí omi lé ènìyàn, ìfitónilétí kò yẹ̀: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ níbi iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ àmọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì títí di kó tó pé márùn-ún, oṣù kan láti ọdún márùn-ún lọ sókè.

Kí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ ìwé kúkúrú, kó ka ọjọ́ sí i: “Mo yọjú síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ báyìí àti ọjọ́ báyìí, a kò rí iṣẹ́ ṣe. Owó ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń béèrè, ₦9,000.” Kó jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tó mú lọ. Bí wọn ò bá dáhùn, kó mú ẹ̀dà náà, ìwé owó oṣù rẹ̀ àti fọ́tò géètì tó tì lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n lè pe ọ̀gá wá síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ẹjọ́, National Industrial Court ni wọ́n ń gbé e lọ, nítorí abala 254C ìwé òfin Nàìjíríà (Constitution) fi ẹjọ́ owó oṣù sí ìkáwọ́ rẹ̀.