Fáànù ń yí, súkíríìnì dúdú: ibi tí kọ̀ǹpútà ń dúró sí tí graphics card tuntun bá wọlé

Bí wọ́n ṣe ń ki graphics card, káàdì tó ń gbé àwòrán lọ sí súkíríìnì, bọ inú kọ̀ǹpútà kò le, YouTube kún fún un, ẹni tó bá ti lè tú nọ́ọ̀tì á ṣe é. Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ibi tọ́rọ̀ wà ni ìgbà tí wọ́n bá ti pa á dé tán, tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, fáànù yí, iná pupa iná búlúù ń tàn yòò nínú ẹ̀, àmọ́ súkíríìnì dúdú kirikiri. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dájọ́: "Iná ń wọlé o, ṣé ẹ ò rí fáànù tó ń yí ni? Káàdì yẹn ló ti jó." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń fa ìjà láàárín oníbàárà àti àwọn tó ń ta káàdì ní Computer Village n'Ikeja, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé káàdì ò ṣe nǹkan kan.

Fáànù ò kí ń ṣe ẹlẹ́rìí jàre. 12V nìkan ló mọ̀, tí 12V bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ á máa yí, kódà kí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ṣì wà lójú oorun.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìka bá kan bọ́tìnnì ló dùn mọ́ èèyàn jù nínú gbogbo ẹ̀. Bọ́tìnnì yẹn gan-an kì í tan iná. Kọ̀ǹpútà tó bá ti wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì ò kú pátápátá, 5V kékeré kan wà tí power pack (àpótí tó ń pín iná fún gbogbo inú ẹ̀) kì í pa, òun ló ń ṣọ́ bọ́tìnnì. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, motherboard, pátákó tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀ so mọ́, á so wáyà kan mọ́ ground (nínú power pack ATX, aláwọ̀ ewé ni), ìyẹn ni power pack fi ń mọ̀ pé wọ́n ń pe òun, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú 12V, 5V àti 3.3V jáde. Fáànù ti ń yí báyìí o. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì tú CPU sílẹ̀, motherboard ṣì dá a dúró sínú reset, torí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè kì í dúró sójú kan, tí CPU bá sì fi irú iná bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ohun tó bá kà á dàrú. Power pack á yẹ iná ara ẹ̀ wò, tó bá rí i pé gbogbo ẹ̀ ti dúró ṣinṣin, láàárín millisecond 100 sí 500, á fi 5V ránṣẹ́ lórí wáyà aláwọ̀ eérú. Power Good ni wọ́n ń pe àmì yẹn. Ìgbà tó bá dé ni CPU tó gbéra.

Tó bá gbéra, á lọ ka firmware inú motherboard, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, firmware á yẹ RAM (ibi tí CPU ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí) wò, á wá máa bi ojú ihò kọ̀ọ̀kan pé ta ló wà ńbẹ̀. Káàdì á fi nọ́ńbà iléeṣẹ́ ẹ̀ dáhùn, ti Nvidia jẹ́ 10DE, ti AMD jẹ́ 1002. Lẹ́yìn ìyẹn ni firmware á tó lọ mú ètò kékeré kan tó wà nínú káàdì fúnra ẹ̀, GOP lorúkọ ẹ̀, ètò yẹn ló ń gbé àwòrán àkọ́kọ́ jáde. Ẹ wá rí i pé kọ̀ǹpútà lè dúró níbi tó pọ̀ kí lógò tó yọ, ibi yòówù kó dúró sí, ohun kan náà lojú ń rí: òkùnkùn. Àléébù ètò yìí nìyẹn, ẹni tó yẹ kó wá jíṣẹ́ fún wa gan-an ni kò tíì dé.

Àwọn motherboard kan máa ń gba èèyàn là, wọ́n ní iná kékeré mẹ́rin tí wọ́n kọ CPU, DRAM (RAM nìyẹn), VGA (káàdì nìyẹn) àti BOOT sí lára, èyí tó bá tàn tí kò kú, ibẹ̀ ló há sí. Òmíràn á máa ké píì píì, ìtumọ̀ ẹ̀ sì yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí ìkejì. Tí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ Num Lock lórí keyboard. Tí iná ẹ̀ bá ń tàn tó ń kú, CPU ti jí, firmware ń ṣiṣẹ́, àwòrán nìkan ni kò sí. Àyẹ̀wò yìí ò ná èèyàn ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tokunbo ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ sọ di ti géèmù nílẹ̀ wa. Dell OptiPlex 9020 onílé gíga (tower), power pack 290W ló bá wá, kò sì ní wáyà tó ń lọ sára káàdì rárá. Ojú ihò motherboard, 75W ló lè fún káàdì, wáyà oníhò 6 á fi 75W kún un, oníhò 8 á fi 150W kún un. Káàdì GTX 1050 Ti tó ń jẹ 75W lè rọra gbébẹ̀. RTX 3060 tó ń jẹ 170W ńkọ́?

Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour. Tí iná gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti fáànù bá wà lórí ẹ̀, á máa lọ jẹ́jẹ́. Kí ẹnì kan wá ki áyọ́ọ̀nù sí i, á kérora, iná á rẹlẹ̀, á kú, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé áyọ́ọ̀nù ló bàjẹ́. Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ pàápàá, ibi tágbára ẹ̀ lè dé ni, kì í ṣe èyí tó lè rù láti ìrọ̀lẹ́ dòru. Firíìjì tún wà ńbẹ̀ o, tó dà bíi pé iná tó ń jẹ ò pọ̀, àmọ́ ìgbà tí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ ẹ̀ bá fẹ́ gbéra, á fa ìlọ́po ohun tó ń jẹ. Bí graphics card ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, á fa iná fíìn fún millisecond díẹ̀, kọjá iye tí wọ́n kọ sára páálí, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi lè tàn dáadáa tó wá kú nígbà tí géèmù bá ṣí. Jẹnẹrétọ̀ ṣáà ń kérora kó tó kú. Power pack ò ní kérora, á já iná lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní gbà kí bọ́tìnnì tan wọ́n mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá yọ wáyà kúrò lára ògiri tẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Àwọn èèyàn á wá máa tẹ bọ́tìnnì léraléra, wọ́n á ní motherboard ti lọ.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta àdápútà tó ń sọ wáyà SATA, èyí tó ń gbé iná fún hard disk, di oníhò 6 fún yín. Ojú 12V mẹ́ta ló wà lẹ́nu SATA, ìkọ̀ọ̀kan ò lè gbé ju 1.5A lọ, àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ 54W, káàdì sì lè béèrè 75W níbẹ̀. Rọ́bà ẹnu ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ́.

Tí iná bá tó tí súkíríìnì ṣì dúdú, ẹ yọ káàdì, kẹ́ ẹ ki mọ́nítọ̀ sára motherboard. Tí àwòrán bá wá, ara ọjà yòókù le. Àmọ́ CPU Intel tí F wà nídìí orúkọ ẹ̀, bíi i5-10400F, kò ní àwòrán tiẹ̀, kò lè yọjú láé tí kò bá sí káàdì. Tẹ́ ẹ bá dá káàdì padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé títí ìkọ́ ìdí ihò á fi ró, kẹ́ ẹ tún RAM tẹ̀, torí ọwọ́ tó ń ki káàdì lè ti sún un, kẹ́ ẹ sì gbé wáyà mọ́nítọ̀ sára káàdì, torí ọ̀pọ̀ motherboard ló ń pa ojú àwòrán tiwọn tí wọ́n bá ti rí àlejò.

Káàdì àtijọ́ tí kò ní GOP ò ní gbé nǹkan jáde lórí motherboard tí wọ́n ti pa CSM ẹ̀, ìyẹn apá firmware tó ń gba nǹkan àtijọ́ láyè. Àwọn káàdì Nvidia GTX 900 àti 1000 náà ní tiwọn: tí wọ́n bá fi DisplayPort tuntun (oríṣi ojú wáyà mọ́nítọ̀ kan) so ó mọ́ mọ́nítọ̀, súkíríìnì lè dúdú títí Windows á fi wọlé. Nvidia ti gbé ètò tó ń tún firmware ẹ̀ ṣe jáde, HDMI lẹ máa kọ́kọ́ lò kẹ́ ẹ lè ríran ṣe é.