Ilé wà, ilẹ̀ wà, kí ló dé tí òṣì ò lọ?

Àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà lójú kan?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ọjà láàárọ̀. Alájọ ń gba owó wọn lójoojúmọ́, ó ń kó o fún wọn lópin oṣù, ó sì ń mú owó ọjọ́ kan. Ètò tó dára ni. Àmọ́ owó tí ẹ dá náà lẹ ó kó. Ìyẹn kì í kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bí alájọ bá sì sá lọ, ta ni yóò bá wọn gbà á?

Ṣé báńkì ò lè yá wọn ni?

Báńkì fẹ́ ohun ìdógò, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ ló kọ́lé sórí ilẹ̀ bàbá wọn tàbí èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, tí kò sí ìwé kankan ju rìsíìtì àti àdéhùn lọ. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó bá gba C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, pàápàá gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà kó tó lè tà á tàbí fi í dógò. Ìnáwó àti àlọ-àbọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti alátẹ. Ilé wà, wọ́n ń sùn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè di owó òwò. Lójú tèmi, ẹni tó bá tún èyí ṣe ti ran tálákà lọ́wọ́ ju ẹni tó ń pín ìrẹsì.

Ṣé orílẹ̀-èdè kan ti fi ètò tó dára bọ́ nínú òṣì rí?

Botswana. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́dún 1966, wọ́n wà lára àwọn tó tòṣì jù láyé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí dáyámọ́ǹdì. Ìjọba gba ẹ̀tọ́ ohun àlùmọ́nì fún gbogbo ìlú, wọ́n bá De Beers, ilé-iṣẹ́ tó ń wa dáyámọ́ǹdì, ṣe àdéhùn tó mówó wọlé, wọ́n sì ná an sórí ọ̀nà àti ilé-ìwé. (Àwa náà rí epo, ẹ mọ bó ṣe rí.) Síbẹ̀, àìríṣẹ́ṣe àti ìyàtọ̀ láàárín olówó àti tálákà ṣì pọ̀ níbẹ̀; ètò tó dára kì í ṣe oògùn gbogbo àìsàn.

Kí ni ará Òṣogbo lè béèrè?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìwé ilẹ̀ ní ìjọba, iye ọjọ́ tí ìwé náà ń gbà àti iye tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Bákan náà ni owó ìjọba ìbílẹ̀: ní oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kó máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Tó bá wá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ bi káńsẹ́lọ̀ yín ohun tí wọ́n fi ṣe.