Yíyan iṣẹ́ amáyédẹrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà

Yíyan iṣẹ́ amáyédẹrùn ni ètò tí àwọn káńsù ní Nàìjíríà fi ń pinnu títì, gọ́tà, ọjà àti kànga ẹ̀rọ tí wọn yóò kọ́kọ́ ṣe, àti èyí tí wọn yóò gbé tọ ìjọba ìpínlẹ̀ lọ fún owó. Káńsù 774 ló wà lórílẹ̀-èdè náà, 6 nínú wọn wà ní Àbújá. Àtúntò ọdún 1976 ló sọ wọ́n di ipele kẹta ìjọba.

Abala 7 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí káńsù kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé agbègbè rẹ̀, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ sì dá ìgbìmọ̀ aṣètò ọrọ̀ ajé sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Àfikún kẹrin ìwé òfin ọ̀hún to iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ: títì àdúgbò àti iná rẹ̀, gọ́tà, ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, ìkólẹ̀. Ohun tó ṣáájú gbogbo wọn níbẹ̀ ni pé kí káńsù máa dámọ̀ràn fún ìpínlẹ̀ lórí ìdàgbàsókè. Àwọn tó ń pe káńsù ní ọ́fíìsì ìgbálẹ̀ ọjà lásán kì í rántí èyí.

Láti wọ́ọ̀dù ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo ayé mọ̀ sí CDA, a kọ̀wé sí káńsù. Kánsẹ́lọ̀ wọn a gbè é lẹ́yìn. Ẹnjiníà káńsù a wá yẹ ibẹ̀ wò: á wọn gígùn àti fífẹ̀ títì, á wo ibi tí omi òjò ń gbà, á sì tọ ipa omi náà dé odò tàbí gọ́tà ńlá tó ń bọ́ sí. Ìbéèrè omi yìí ló sábà máa ń yí ètò padà. Bí gọ́tà kò bá ní ibi tó máa da omi sí, ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ ni omi yóò ya wọ̀, títì tuntun náà kò sì ní ju òjò mélòó kan lọ. Bí gọ́tà ńlá tó yẹ kó gbà á bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, káńsù kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ó di dandan kó tọ ìpínlẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń ṣírò owó, tí alága ń kó iṣẹ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, tí àwọn kánsẹ́lọ̀ ń fọwọ́ sí i.

Owó ni ìnira wà. Abala 162 ní kí owó káńsù láti àpò ìjọba àpapọ̀ wọ àpò àjùmọ̀ní kan tí ìpínlẹ̀ ń ṣàkóso, kí ìpínlẹ̀ sì fi ìpín kan kún un láti inú owó tirẹ̀. Owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì ń jáde níbẹ̀ kí káńsù tó rí ìyókù gbà. Nítorí náà, iṣẹ́ tó bá wà nísàlẹ̀ àkọsílẹ̀ lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Èkó, káńsù 20 ló wà nínú ìwé òfin. Ìpínlẹ̀ dá 37 mìíràn sílẹ̀ lọ́dún 2003. Nígbà tí Akinwunmi Ambode jẹ́ gómìnà Èkó, wọ́n ṣe títì 114, méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn káńsù 57 náà. Pínpín dọ́gbà báyìí ń dín ìjà kù, àmọ́ kò wo bí àìní káńsù kan ṣe ju ti èkejì lọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Ìdájọ́ náà kò tètè di ìṣe: nígbà tí ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀, àpò àjùmọ̀ní náà ni owó ṣì ń gbà. Iye ọdún tí alága ń lò tún wà lára ohun tó ń da ètò rú. Ọdún mẹ́ta ni ní Ọ̀yọ́, mẹ́rin ní Èkó, alága tuntun kì í sì fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ ẹni tó wà nípò ṣáájú rẹ̀.