Agbèrò Tó Ń Pe Èrò Tó Ti Ń Bọ̀: Iṣẹ́ Tó Yẹ Ká Kọ́kọ́ Ṣe Lára Áàpù, àti Ìpolówó Tó Ń Mówó Wọlé Lóòótọ́

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn mo bá iléeṣẹ́ kékeré kan ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, áàpù àjọ ni wọ́n ń ṣe, èyí táwọn ọlọ́jà á máa fi dá àjọ lórí fóònù dípò kí alájọ máa gbé káàdì kiri ìsọ̀. Gbogbo ìpàdé ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ kan náà ni, kí la máa kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀gá fẹ́ kí ojú áàpù máa dúdú lálẹ́ kó má bàa ta séèyàn lójú, ẹni tó ń bójú tó ìpolówó fẹ́ kẹ́ni tó bá mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá máa gba owó, àwọn tó ń kọ kóòdù náà ní tiwọn lọ́kàn, ẹni tóhùn ẹ̀ bá ròkè jù ló máa ń borí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo dátà kí n sọ ohun táwọn èèyàn ń ṣe gan-an nínú áàpù, ohun tí mo sì ń rí ò jọ ìkankan nínú nǹkan tá à ń jà lé lórí. Àwọn èèyàn ń gbé áàpù sórí fóònù wọn, wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á kọ nọ́ńbà fóònù, wọ́n á dé ibi tá a ti ní kí wọ́n tẹ OTP, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tá a fi ránṣẹ́, ibẹ̀ yẹn ló ju ìdajì wọn lọ ti ń pòórá.

Ọ̀gá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, pé OTP ò tètè ń dé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. A ti fẹ́ẹ́ lọ sanwó fún iléeṣẹ́ míì tí á máa bá wa fi OTP ránṣẹ́ kí n tó ní ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fojú ara mi rí i. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo gba Bódìjà lọ, mo jókòó ti ìyá kan tó ń ta ata, mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbìyànjú nǹkan yìí wò lórí fóònù yín. Fóònù Itel kékeré ni, gíláàsì ojú ẹ̀ ti sán. Wọ́n ń fi ìka kan kọ orúkọ wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń pa á rẹ́, wọ́n ń tún un kọ. OTP dé, kíá ló dé. Wọ́n jáde nínú áàpù lọ ka méséèjì, wọ́n há nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí, wọ́n padà, àfi bí áàpù ṣe bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, gbogbo ohun tí wọ́n kọ ti lọ. Irú fóònù yẹn ò ní ààyè púpọ̀ nínú, tẹ́ ẹ bá ṣí nǹkan méjì pọ̀, ó máa ń ti ọ̀kan pa fúnra ẹ̀. Màmá wojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n tún un kọ ni?" Wọ́n tún un kọ, ó tún lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta wọ́n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀, wọ́n dá oníbàárà wọn lóhùn.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Dátà sọ ibi tí wọ́n ti ń já bọ́ fún mi, kò sọ ìdí ẹ̀. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó mú ẹ̀sùn ẹ̀ wá rí, torí àwọn tó lè pè wá láti ṣàròyé ni àwọn tó ti wọlé, àwọn tí ilẹ̀kùn tì mọ́ ìta ti bá tiwọn lọ, ẹ ò lè gbọ́ ohùn wọn láéláé àyàfi tẹ́ ẹ bá wá wọn lọ. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló jẹ́ láti mú kí áàpù máa rántí ohun téèyàn ti kọ. Ọjọ́ méjì péré o, ọ̀pọ̀ oṣù la sì ti fi ń jiyàn lórí àwọ̀ dúdú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní áàpù tàbí wẹ́bùsáìtì tẹ́ ẹ fi ń tajà, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá di iléeṣẹ́ ńlá kẹ́ ẹ tó máa wo irú nǹkan báyìí. Google Analytics, irinṣẹ́ tó ń ka ohun táwọn èèyàn ń ṣe nínú áàpù tàbí wẹ́bùsáìtì, wà níta láti 2005, ọdún tí Google ra iléeṣẹ́ Urchin tó kọ́kọ́ ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọ̀pọ̀ wa. Èyí tó ti mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ti kógbá wọlé ní July 2023, GA4, ìyẹn ẹ̀dà tuntun ẹ̀, ló kù báyìí, nínú ẹ̀ gbogbo ohun téèyàn bá ṣe ni wọ́n ń kà bí event kan, ó ṣí ojú ewé, ó tẹ bọ́tìnì, ó sanwó. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni káwọn èèyàn fẹ́ ka gbogbo ẹ̀, tó bá yá nǹkan igba á wà lójú kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó máa wo ìkankan. Ẹ mú ìgbésẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà láti ìgbà téèyàn ṣí áàpù títí dìgbà tó sanwó, ẹ ka ìyẹn. Funnel ni wọ́n ń pè é, àrọ táwọn oníkẹrosín fi ń rọ epo sínú ìgò náà nìyẹn, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àrọ tiwọn kì í jò, tiwa ń jò, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti ń jò jù.

Ọ̀rọ̀ èwo la máa kọ́kọ́ ṣe wá ńkọ́? Iléeṣẹ́ Intercom gbé ọ̀nà kan síta tí wọ́n ń pè ní RICE, mo fẹ́ràn ẹ̀ torí kò le. Ẹ bi ara yín, èèyàn mélòó ni nǹkan yìí máa kàn láàárín oṣù mẹ́ta, báwo ló ṣe máa ràn wọ́n lọ́wọ́ tó (agbára ẹ̀ nìyẹn), báwo ló ṣe dá wa lójú tó, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, ẹ wá fi iye oṣù tẹ́nì kan máa fi ṣe iṣẹ́ náà pín in. Ká ní àtúnṣe OTP yẹn kan èèyàn 2,000, a fún agbára ẹ̀ ní 2, ó dá wa lójú ní ìdá 80 nínú 100, ká tiẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀ ní ìlàjì oṣù dípò ọjọ́ méjì, 6,400 nìyẹn. Àwọ̀ dúdú kan èèyàn 3,000, agbára ẹ̀ ìlàjì, ìdánilójú ìdá 50, oṣù méjì niṣẹ́ ẹ̀, 375 ló máa fún yín. Ibi táwọn èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ ni ìdánilójú yẹn. Tẹ́ ẹ ò bá tíì rí oníbàárà kankan tí nǹkan ọ̀hún ń dà láàmú lójú yín, ẹ má kọ ju 50 lọ, ọ̀gá ì báà fẹ́ràn ẹ̀ débi kí ló dé.

Torí pé ojú wa lásán ò mọ èyí tó máa ṣe dáadáa. Ní 2012 òṣìṣẹ́ Microsoft kan mú àbá kan wá fún Bing, ibi ìwákiri tiwọn tó dà bíi Google, pé kí wọ́n mú ìlà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ìpolówó, kí wọ́n so ó mọ́ àkọlé kí àkọlé gùn sí i. Àwọn ọ̀gá wò ó bí nǹkan kékeré, wọ́n fi í sísàlẹ̀, ó lé lóṣù mẹ́fà tó fi wà níbẹ̀, àfìgbà tí ẹnjiníà kan rí i pé iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni, ló bá ṣe é, wọ́n fi han àwọn kan, wọ́n fi pa mọ́ fáwọn míì, wọ́n wá fi wọ́n wéra. Owó tó ń wọlé fi ìdá 12 nínú 100 lé sí i, ní Amẹ́ríkà nìkan ó ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ lọ́dún. Ron Kohavi tó ń darí irú ìdánwò yẹn ní Microsoft nígbà náà wà lára àwọn tó ròyìn ẹ̀, òun náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé nínú àwọn àbá tí wọ́n dán wò níbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣe rere, ìdá kan ò yí nǹkan kan padà, ìdá kan sì ba nǹkan jẹ́. Àwọn tó gbọ́nṣẹ́ débẹ̀ yẹn o! Torí náà tẹ́ ẹ bá ṣe nǹkan tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi han ìdajì àwọn oníbàárà yín, kẹ́ ẹ wo ìdajì kejì.

Ohun míì tó máa ń tan àwọn èèyàn ni iye gbogbo àwọn tó ti gba áàpù látìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iye yẹn ò lè dínkù láéláé, ìdí nìyẹn tí kò fi lè kìlọ̀ kankan fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lọ Ojúde Ọba rí n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ mọ bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ṣe máa ń jáde, àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra á jáde pọ̀ pẹ̀lú aṣọ tiwọn, ẹ̀ẹ́ rí ẹgbẹ́ tó pọ̀, ẹ̀ẹ́ rí èyí tó ti ń dínkù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ to àwọn oníbàárà. Ẹ kó àwọn tó wọlé ní January síbì kan, ti February síbì kan, ẹ wo mélòó ló ṣì ń dá àjọ lẹ́yìn oṣù kan, méjì, mẹ́ta. Tí àwọn tó wọlé ní March bá ń dúró ju ti January lọ, tẹ́ ẹ sì rántí pé February lẹ ṣe àtúnṣe kan, ẹ ti rí ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó ìpolówó. Ká ní ẹ ná ₦200,000 lórí Instagram, èèyàn 400 tẹ ìpolówó náà, 40 forúkọ sílẹ̀, 10 sanwó. ₦20,000 lẹ fi ra oníbàárà kan nìyẹn. Tí èrè tẹ́ ẹ ń rí lórí ẹnì kan bá jẹ́ ₦2,500 lóṣù, oṣù mẹ́jọ gbáko ni owó yín máa fi padà sílé, ẹ ò tíì jèrè kọ́bọ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, ṣé àwọn tó gba Instagram wọlé máa ń dúró tó oṣù mẹ́jọ? Iye àwọn tó tẹ ìpolówó ò lè dá yín lóhùn, iye àwọn tó fi "like" sí i, ká má tiẹ̀ sọ tìyẹn.

Àmọ́ ìyẹn gan-an ò tíì tó. Ẹ dúró ní Iwo Road láàárọ̀, ẹ wo agbèrò tó ń pariwo "Òṣogbo, Òṣogbo, ó ku ẹnì kan!" Obìnrin kan ń bọ̀ lókèèrè pẹ̀lú báàgì, Òṣogbo ló ti ń lọ látilé, bọ́ọ̀sì yẹn gan-an ló ń wò, agbèrò sáré pàdé ẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀, ó mú un dé ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó nawọ́ sí dírẹ́bà. Dírẹ́bà sanwó èrò tó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọjọ́ míì wà tí agbèrò ọ̀hún máa fa ẹni tí ì bá wọ ọkọ̀ ẹlòmíì wá lóòótọ́, owó ọjọ́ yẹn tọ́ sí i. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá bi agbèrò léèrè, gbogbo wọn ló máa sọ pé òun lòun mú wá, bẹ́ẹ̀ náà ni Facebook àti Google ṣe máa ka oníbàárà fún yín.

eBay, iléeṣẹ́ ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì nì, fojú ara wọn rí i. Ní 2012 wọ́n dá owó ìpolówó tí wọ́n ń san dúró lórí àwọn ibi ìwákiri kan, ìyẹn ìpolówó tó máa ń jáde téèyàn bá tẹ orúkọ "eBay" gangan. Nínú àwọn tó ń gba ibẹ̀ wọlé, ìdá 99.5 nínú 100 ṣì wá, ìlà ọ̀fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ìpolówó ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n tún pa ìpolówó orí àwọn ọ̀rọ̀ míì láwọn agbègbè kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi àwọn agbègbè tó kù sílẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn tuntun àtàwọn tí kì í rajà déédéé ni ìpolówó ń mú wá, àwọn tó ń rajà lemọ́lemọ́ tó jẹ́ pé orí wọn ni ọ̀pọ̀ owó ń lọ, wọ́n á wá náà ni. Blake, Nosko àti Tadelis kọ gbogbo ẹ̀ síta nínú ìwé ìròyìn Econometrica ní 2015.

Ẹ lè ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré. Ká ní ẹ ná ₦60,000 lórí ìpolówó l'Óṣogbo nìkan, ẹ ò ná nǹkan kan l'Ógbómọ̀ṣọ́. Òṣogbo kúrò lórí oníbàárà tuntun 30, ó di 45, ẹ̀ẹ́ fẹ́ sọ pé ìpolówó mú èèyàn 15 wá, ₦4,000 lórí ẹnì kan, ó dùn. Ẹ wá wo Ògbómọ̀ṣọ́, láìsí ìpolówó kankan ó kúrò lórí 20, ó di 28, torí pé ìparí oṣù ni, owó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ìdá 40 nínú 100 nìyẹn fi lé. Tí Òṣogbo bá fi ìdá 40 lé láìsí ìpolówó, 42 ló máa jẹ́, èèyàn mẹ́ta péré ni ìpolówó yín mú wá, ₦20,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tó kéré báyìí lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán o, torí náà ẹ fi ìlú kún un, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ tó pa ìpolówó tàbí kẹ́ ẹ fi owó kún un.

Ti WhatsApp tún wà ńbẹ̀. Tẹ́nì kan bá fi líǹkì yín ránṣẹ́ sórí gúrúùpù ìjọ tàbí ti ẹbí, táwọn èèyàn gba ibẹ̀ wọlé, "Direct" ni Google Analytics sábà máa ń pè é, bíi pé wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ orúkọ wẹ́bùsáìtì yín. Ẹ fi ?utm_source=whatsapp sẹ́yìn líǹkì tẹ́ ẹ máa fi síbẹ̀ kí Analytics lè mọ ibi tí wọ́n ti wá, kí ti Instagram ní tiẹ̀, kí ti rédíò ní kóòdù tó yàtọ̀ téèyàn máa tẹ̀ láti rí ẹ̀dínwó. Kẹ́ ẹ sì béèrè lẹ́nu wọn, níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa? Látìgbà tí Apple ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí áàpù kọ́kọ́ tọrọ àyè kó tó máa tọpa èèyàn káàkiri, ní April 2021, ìbéèrè yẹn ti wúlò ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má sì kó ohun tí kò kàn yín. Òfin ààbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní June 2023 kàn wá, àmọ́ kí òfin náà tó dé ló ti yẹ ká mọ̀. Orúkọ, BVN, nọ́ńbà fóònù, kò sí èyí tó yẹ kó wọ inú event. Nígbà tí mo darí dé láti Bódìjà lọ́jọ́ yẹn, mo ṣí kọ̀ǹpútà kí n wo bí ìgbìyànjú Màmá ṣe hàn nínú dátà wa, àfi bí mo ṣe rí nọ́ńbà fóònù wọn kedere níwájú mi, àti ti gbogbo àwọn tó ti gbìyànjú ṣáájú wọn, ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì ló lè kà á. Mo pe ẹni tó kọ kóòdù yẹn, a jókòó pọ̀, a yọ ọ́ kúrò, a pa èyí tó ti wọlé rẹ́, ilẹ̀ ti ṣú ká tó parí.