Celebration Day (fíìmù)

Celebration Day jẹ́ fíìmù eré orin tí Led Zeppelin, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní gbọ̀ngàn O2 Arena ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2007. Dick Carruthers ló darí rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kí ó tó dé ilé sinimá, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2012. Àwo rẹ̀ jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ọdún 1968 ni Jimmy Page onígìtá, Robert Plant akọrin, John Paul Jones tó ń ta gìtá báàsì tó sì ń tẹ dùùrù, àti John Bonham onílù dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Bonham kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980. Kí ọdún náà tó parí, àwọn mẹ́ta yòókù kéde pé ó tán. Èyí lè ṣe ará Ìlọrin ní kàyéfì, nítorí pé orúkọ akọrin ni ẹgbẹ́ dàdàkúàdà ń jẹ́, bíi ti Odòlayé Àrẹ̀mú. Bí onílù kan bá lọ, òmíràn á gbé ìlù kọ́ èjìká. Ti Led Zeppelin kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn mẹ́ta náà tún pàdé ní Live Aid ọdún 1985, eré tí wọ́n fi kówó jọ fún àwọn tí ìyàn mú ní Etiópíà, Phil Collins àti Tony Thompson ló bá wọn lùlù, eré wọn sì dojú rú débi pé ẹgbẹ́ náà kò jẹ́ kí wọ́n fi ti àwọn sínú DVD tó jáde ní 2004.

Ìrántí Ahmet Ertegun, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Atlantic Records sílẹ̀, ni wọ́n fi eré 2007 ṣe. Ó kù ọjọ́ mẹ́rin kí ọdún kan pé tó kú. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n kọ́kọ́ dá, ṣùgbọ́n ìka Page kán. Pọ́n-ùn 125 ni tíkẹ́ẹ̀tì kan, àwọn tó sì fẹ́ ẹ pọ̀ ju àyè lọ fíìfíì, nítorí náà kèké ni wọ́n ṣẹ́.

Jason, ọmọ Bonham, ló jókòó sídìí ìlù. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Nínú fíìmù tí ẹgbẹ́ náà ṣe ṣáájú, The Song Remains the Same (1976), a rí i ní kékeré tó ń lu ìlù tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Nílé àwọn aláyàn ní Ìlọrin àti Ọ̀fà, ọ̀nà yìí náà ni ọmọ ń gbà: omele ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún un, ìyáàlù dìgbà tí ọwọ́ bá tó o.

Orin 16 ló wà nínú fíìmù náà. Wọ́n rẹ ohùn àwọn kan sílẹ̀ kí ọ̀fun Plant, tó ti lé ní 59, lè gbà á. Fún ọ̀kan nínú wọn, “For Your Life”, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ náà máa kọ ọ́ lójú agbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1976 ló ti wà nínú àwo. Ní “Kashmir”, ìlù Jason ló ń fa gbogbo wọn lọ.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo rọ́ọ̀kì tó dára jù lọ.