Kọ̀ǹpútà Unix tó kọ̀ tí kò bùútù

Wàhálà bùútù ni gbogbo nǹkan tó bá dá ẹ̀rọ tó ń lo Unix àbí àwọn ẹbí ẹ̀ bíi Linux, FreeBSD àti OpenBSD dúró sọ́nà, látìgbà tí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì títí dìgbà tó yẹ kó béèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù. Wàhálà sẹ́tìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: níbi tèyí, ẹ̀rọ dìde o, àmọ́ iṣẹ́ kan nínú ẹ̀ kọ̀ tí kò bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan fáìlì tó ń darí ẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án dáadáa. Ìdílé Unix yìí, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, tí Linux ti Linus Torvalds wá tẹ̀ lé ní 1991, fẹ́ràn kó máa kọ ètò ẹ̀ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán. Púpọ̀ nínú ẹ̀ wà nínú /etc, ẹni tó bá sì láṣẹ lè ṣí i kà, kó tún un kọ. Adùn ẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà ni wàhálà ẹ̀ ti ń wá, torí àmì kan ṣoṣo tó sọnù lè dá odidi sàfá dúró.

Ọwọ́ ta ni ọ̀pá ti bọ́?

Bùútù kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ó jọ eré sísá tí wọ́n ti ń gbé ọ̀pá fúnra wọn: firmware, ètò tó wà lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ, ló kọ́kọ́ jí, ó gbé ọ̀pá fún bootloader, ètò kékeré tó ń pe sísítẹ́ẹ̀mù (GRUB ni ti ọ̀pọ̀ Linux), bootloader gbé kernel, ìyẹn ọkàn sísítẹ́ẹ̀mù, sínú mẹ́mórì, kernel wá ibi tí root, fáìlì sísítẹ́ẹ̀mù tí gbogbo nǹkan tó kù dúró lé, wà lórí dísíìkì, ó sì tan ètò àkọ́kọ́ tí nọ́ńbà ẹ̀ máa ń jẹ́ 1, ìyẹn init, òun ló wá ń jí àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti mọ ọwọ́ tí ọ̀pá ti bọ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló máa ń sáré lọ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kó tún un fi sí látìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà kan péré ló bà jẹ́.

Tó bá jẹ́ firmware fúnra ẹ̀ ló ń sọ pé òun ò rí dísíìkì tó ṣeé bùútù, ọ̀rọ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ Linux rárá. Ó lè jẹ́ kéèbù, ó lè jẹ́ dísíìkì tó ti kú, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà UEFI, irú firmware tuntun, ni wọ́n gbà fi sísítẹ́ẹ̀mù náà sí, tí ẹnì kan wá yí ẹ̀rọ sí ọ̀nà BIOS àtijọ́. Àwọn méjèèjì kì í wá nǹkan síbì kan náà. BIOS ń ka sector àkọ́kọ́ lórí dísíìkì, báìtì 512 péré, 446 fún kóòdù, 64 fún àkọsílẹ̀ àwọn partition (àwọn ibi tí wọ́n pín dísíìkì sí), méjì tó kù jẹ́ àmì 55 AA. UEFI ní tiẹ̀ ń wá partition kan tí wọ́n fi FAT ṣe, tí fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí .efi wà nínú ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Linux òde òní máa ń fi àwòrán bo ọ̀rọ̀ tí kernel ń sọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ kàn dúdú, kó dákẹ́. Kí èèyàn tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó tẹ lẹ́tà e nígbà tí menu GRUB bá yọ, kó pa quiet àti splash rẹ́ lórí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, kó tẹ Ctrl-X, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, èyí tó bá sì gbẹ̀yìn ló sábà máa ń tọ́ka sí ibi tó ń dunni. Àyípadà yẹn ò kọjá bùútù ẹ̀ẹ̀kan, kò ba nǹkan kan jẹ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ dáadáa tí ojú ẹ̀rọ wá dúdú nígbà tó kù díẹ̀ kí àwòrán dé, nomodeset ni wọ́n máa ń kọ síbi kan náà yẹn, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ driver, ètò tó ń darí káàdì àwòrán, ló ń jà.

Lọ́dọ̀ GRUB

Àwọn tó ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀ mọ̀ pé grub> àti grub rescue> kì í ṣe nǹkan kan náà. Èyí àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé GRUB wà lódidi àmọ́ kò rí fáìlì menu ẹ̀. Èkejì túmọ̀ sí pé orí GRUB nìkan ló dé, kò rí ara ẹ̀, bóyá torí pé ẹnì kan pa partition kan rẹ́ tàbí ó tún un pín, tí nọ́ńbà sì yí padà. Níbẹ̀, ls á kó orúkọ àwọn dísíìkì jáde, wọ́n á wá máa yẹ̀ wọ́n wò títí wọ́n á fi rí èyí tí /boot/grub wà nínú ẹ̀, ká sọ pé (hd0,gpt2) ni:

set root=(hd0,gpt2)
set prefix=(hd0,gpt2)/boot/grub
insmod normal
normal

Menu á yọ. Dísíìkì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, partition láti ení, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi nọ́ńbà kà nìyẹn. Gbogbo èyí ò ju ti ẹ̀ẹ̀kan náà lọ o, tí ẹ̀rọ bá ti dìde, grub-install àti update-grub ló máa jẹ́ kó dúró, tó bá jẹ́ Fedora, grub2-mkconfig ni wọ́n ń lò dípò update-grub.

Secure Boot, ètò UEFI tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bootloader ní àmì àṣẹ, náà máa ń dá tiẹ̀ sílẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 2024, àpdéètì Windows kan jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí Windows àti Linux jọ wà lórí ẹ̀ máa sọ pé Verifying shim SBAT data failed, Linux inú wọn kò sì bùútù mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ẹ̀rọ ò fọwọ́ kan Linux ẹ̀ rárá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde ni pé kí wọ́n pa Secure Boot ná, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ SBAT yẹn, àkọsílẹ̀ àwọn bootloader tí wọn ò fọkàn tán mọ́, ṣe, kí wọ́n tó tún un tàn.

Kernel tí kò rí root

"Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)" máa ń dẹ́rù ba èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó ń sọ ò ju pé kernel dé, kò rí ilé tó fẹ́ wọ̀. Ẹni tó sábà máa ń jẹ̀bi ni initramfs, àpò kékeré tí àwọn driver tí kernel nílò láti rí dísíìkì wà nínú ẹ̀. /boot ti kún fún kernel àtijọ́, àpdéètì tuntun dé, àpò náà ò ráyè parí, ẹ̀rọ ò sì sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi tún un tàn. Wọ́n á mú kernel ti tẹ́lẹ̀ nínú Advanced options lórí menu GRUB, wọ́n á wọlé, wọ́n á fi df -h /boot wo àyè tó kù, wọ́n á yọ àwọn kernel tó ti gbó kúrò, wọ́n á tún àpò náà dì: update-initramfs -u -k all lórí Debian àti Ubuntu, dracut -f --regenerate-all lórí Fedora, mkinitcpio -P lórí Arch.

Tí ẹ̀rọ bá ní kí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe fsck, ìyẹn àyẹ̀wò àti àtúnṣe fáìlì sísítẹ́ẹ̀mù, kó ṣe é, àmọ́ kì í ṣe lórí partition tó ṣì wà ní mount (tó ṣì so mọ́ ẹ̀rọ) tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lọ́wọ́. Ìyẹn lè sọ ọgbẹ́ kékeré di ńlá.

Ìlà kan nínú /etc/fstab

Tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú fáìlì kan ṣoṣo tó ń dá ẹ̀rọ dúró jù, ọ̀pọ̀ á mú fstab, àkọsílẹ̀ àwọn dísíìkì tí ẹ̀rọ máa so mọ́ra nígbà bùútù. Bí ìlà kan nínú ẹ̀ ṣe rí rèé:

UUID=5c1e7a90-2b4d-4f6a-9c33-8d0e1f2a7b65 /data ext4 defaults 0 2

Ọ̀wọ́ mẹ́fà ni: dísíìkì wo, ibo ló máa jókòó, irú fáìlì sísítẹ́ẹ̀mù, ọ̀nà tí wọ́n á gbà mú un, dump (ètò àdàkọ àtijọ́), àti ipò ẹ̀ lórí ìlà fsck. Ká ní wọ́n wá yọ dísíìkì /data yìí kúrò, tàbí wọ́n tún un fọ́máàtì, tí UUID ẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀) sì yí padà. Ẹ̀rọ tó ń lo systemd, ètò init tó jáde ní 2010 tí Debian sì gbà láti Debian 8 ní 2015, á dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá 90, á máa kọ "A start job is running" sójú ẹ̀rọ, tí kò bá rí i, á já èèyàn sí emergency mode, níbi tó ti ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù root, ìyẹn àkáǹtì ọ̀gá ẹ̀rọ. Nítorí dísíìkì tí wọ́n kàn ń kó fọ́tò sí, odidi ẹ̀rọ ò dìde! Ọ̀nà àbájáde:

mount -o remount,rw /
nano /etc/fstab

Wọ́n á fi # síwájú ìlà náà, wọ́n á tún ẹ̀rọ tàn. Dísíìkì tí kì í ṣe dandan yẹ kó ní nofail nínú ọ̀wọ́ kẹrin, blkid ló sì ń sọ UUID tòótọ́. Kí wọ́n tó tún ẹ̀rọ tàn lẹ́yìn àtúnṣe èyíkéyìí, findmnt --verify á ka fáìlì náà, á ní "ibí yìí ò dáa". Kọmáńdì yìí ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò mọ̀ọ́yàn, àwọn èèyàn ò kàn lò ó ni.

Lórí Ubuntu, root kì í ní páásíwọ́ọ̀dù, nítorí náà emergency mode lè sọ pé àkáǹtì root wà ní títì. Ẹni tó bá bá ara ẹ̀ níbẹ̀ á padà sí menu GRUB, á tẹ e, á kọ init=/bin/bash sẹ́yìn ìlà linux, ìyẹn á já a síbi tó ti lè tẹ kọmáńdì méjì òkè yẹn láìsí páásíwọ́ọ̀dù.

Lọ́dọ̀ FreeBSD, ohun tó jọ ọ́ ni /etc/rc.conf. Shell, ètò tó ń gba kọmáńdì, ló ń kà á, torí náà àmì " tí wọ́n ṣí tí wọn ò pa dé á kó bá gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n á mú single user lórí menu bùútù, wọ́n á tẹ Enter nígbà tó bá béèrè shell, lẹ́yìn náà mount -u / àti mount -a, torí pé tí /usr bá wà lórí partition tiẹ̀, èdítọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ò ní sí níbẹ̀ títí wọ́n á fi mú un wá. sysrc ló dáa jù fún títún fáìlì yìí kọ, kì í gbàgbé àmì.

Gbígba ìta wọlé

Tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, wọ́n á fi fíláàṣì tí Linux wà lórí ẹ̀ bùútù, wọ́n á gba ìta wọ inú ilé náà. Bí dísíìkì bá ní kọ́kọ́rọ́ LUKS (tí wọ́n fi páásíwọ́ọ̀dù tì í pa), cryptsetup open ló ṣáájú; bí LVM, ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà pín dísíìkì, bá wà, vgchange -ay.

mount /dev/sda2 /mnt
mount /dev/sda1 /mnt/boot/efi
for i in dev proc sys run; do mount --rbind /$i /mnt/$i; done
chroot /mnt

Látìgbà náà lọ, inú ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn ni wọ́n wà, wọ́n lè yí páásíwọ́ọ̀dù, wọ́n lè tún GRUB fi sí, wọ́n lè yọ páákéèjì tó da nǹkan rú. Ìlà for yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò, tí grub-install á wá máa ráhùn pé òun ò rí dísíìkì kankan.

Ẹ̀rọ dìde, iṣẹ́ kan kọ̀

Ìbéèrè tó ń yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni pé kí ló yí padà? ls -lt /etc | head á fi àwọn fáìlì tí wọ́n fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn hàn, ó sì máa ń jẹ́ pé ẹni tó ń sọ pé "mi ò ṣe nǹkan kan" á rántí nígbà tó bá rí déètì. systemctl --failed ń ka àwọn iṣẹ́ tó ṣubú, journalctl -b -p err ń ka ẹ̀sùn bùútù yìí, -b -1 sì ń ka ti bùútù tó ṣáájú, tí fólídà /var/log/journal bá wà, torí láìsí i, inú mẹ́mórì ni àkọsílẹ̀ yẹn sábà máa ń wà, á sì bá iná lọ.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ fáìlì wọn wò kí wọ́n tó tún wọn tàn: sshd -t, nginx -t, visudo fún sudoers. Ẹni tó ń tún sshd, ètò tó ń jẹ́ kí èèyàn wọlé láti òkèèrè, ṣe lórí sàfá tó jìnnà kò gbọ́dọ̀ pa wíńdò tó fi wọlé títí á fi rí i pé wíńdò kejì wọlé. Dísíìkì tó kún náà ń pe ara ẹ̀ ní oríṣiríṣi orúkọ, tí df -h bá ní àyè wà, kí wọ́n wo df -i, inode, àyè àkọsílẹ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń gbà, lè tán kí gígábáìtì tó tán.

Aago ni wọ́n máa ń fura sí kẹ́yìn. Bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lórí bọ́ọ̀dù, CR2032 lọ́pọ̀ ìgbà, bá kú, ẹ̀rọ á jí pẹ̀lú déètì ọdún tó ti pẹ́, apt, ètò tó ń gba páákéèjì, á ní fáìlì Release ò tíì tó àkókò, sáìtì https á máa sọ pé ìwé ẹ̀rí ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo èèyàn á sì máa bá íntánẹ́ẹ̀tì jà. Wọ́n á fi date -s fọwọ́ tún un ṣe, wọ́n á fi hwclock --systohc kọ ọ́ sínú aago bọ́ọ̀dù, wọ́n á sì pààrọ̀ bátìrì náà.