Níbo ni ẹni tí kò nílé ti ń rí oúnjẹ jẹ ní Ìkòròdú?

Ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ kí mi níwájú ìsọ̀ mi nítòsí Gáréèjì Ìkòròdú, lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń palẹ̀ mọ́. Báàgì kan péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn lóúnjẹ láìgbowó?” Mo bu ìrẹsì tó kù nídìí ìkòkò fún un, mo sì dá a lóhùn ní ṣókí torí ó ti rẹ̀ mí. Ìdáhùn yẹn ò tó, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn. Èmi náà ti sun iwájú ṣọ́ọ̀bù rí fún ọ̀sẹ̀ 7, lẹ́yìn tí ọkọ mi kú tí owó ilé sì wọlé dé. Mo wá kọ àwọn ìbéèrè tó bi mí nígbà tó padà wá, àti ti àwọn míì lẹ́yìn rẹ̀, mo sì dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ kí n ti ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣé ilé kan wà ní Ìkòròdú tí mo lè wọ̀ lọ jẹun lójoojúmọ́ láìsanwó?

Ohun tó ń rú àlejò lójú nìyẹn. Láti Sábó dé Ẹbúté, oúnjẹ ló kún ẹ̀gbẹ́ títì, ebi sì lè pa èèyàn kú láàárín rẹ̀. Ẹ má wá ilé, ẹ wá ọjọ́. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ibí yìí kì í jókòó sójú kan, ọjọ́ ló ń bá rìn.

Ẹ mú ọ̀sán Jímọ̀. Bí ìmáàmù bá ti sálámà, ẹ lọ dúró níwájú mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, kì í ṣe àárín èrò tó ń jáde. Ẹni tó ń ṣe sàráà fún òkú bàbá rẹ̀, ẹni tó ra mọ́tò, ẹni tó dìde nínú àìsàn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá: àkàrà nínú abọ́ ńlá, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí ooru rẹ̀ á ti di omi sára ọ̀rá náà kó tó kàn yín. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn ẹgbẹ́ àsáláàtù ló kàn. Bí wọ́n bá ṣàdúrà tán, ẹnì kan sábà máa ń ní ohun tó fẹ́ pín. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ ya àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wò, pàápàá lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń ṣe ìdúpẹ́, àti nígbà ìkórè.

Èmi kì í ṣe Mùsùlùmí. Ṣé wọ́n á fún mi?

Wọ́n á fún yín. Àdúrà ni ẹni tó ń ṣe sàráà ń wá, kò ní béèrè ẹ̀sìn yín. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kẹ́ ẹ ní, “Kí Ọlọ́run tẹ́wọ́ gbà á.” Ó tó.

Ìgbà ààwẹ̀ ńkọ́?

Ara máa ń tu aláìní nínú oṣù Ràmàdáánì. Ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí ló ń pín ìṣínu nírọ̀lẹ́: omi, dàbínù, ògì, àkàrà. Ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì, torí kì í pẹ́ tó fi ń tán. Bí ọdún ìtúnu bá kù sí dẹ̀dẹ̀, baálé ilé tó bá ní agbára gbọ́dọ̀ yọ sàká fún gbogbo ẹni tó ń bọ́, kí wọ́n tó kírun ọdún. Ìwọ̀n sáà kan ni fún orí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì lọ́nà 4. Aláìní ló ni ín, ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ má tijú láti sọ fún ìmáàmù àdúgbò ṣáájú ọjọ́ náà pé ẹ wà níbẹ̀. Ti Iléyá, ẹran ni.

Ṣé mo lè lọ sóde òkú tàbí ìgbéyàwó tí wọn ò pè mí?

Mogbọ́-mo-yà ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kẹ́ni kankan fi ojú yín gbolẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Ẹ̀yìnkùlé ni kẹ́ ẹ gbà, lọ́dọ̀ àwọn alásè. Láwọn Sátidé tí mo ń lọ, màá wá ìyá alásè, màá kúnlẹ̀ kí i, màá ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o mà, ṣé kí n bá yín pọnmi?” Kò sẹ́ni tó lé mi rí. Abọ́ kì í tán lóde òkú. Màá jókòó sórí àpótí, ọpọ́n kan fún omi ọṣẹ, ọpọ́n kejì fún ṣíṣàn, òróró á gun apá mi dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tí àríyá bá ń lọ sópin, wọ́n á ní kí n fi ṣíbí ńlá ha ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ó máa ń jó díẹ̀, ó máa ń ta sánsán. Èyí tí mo bá gbé lọ máa ń gbé mi dé ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò sí àríyá, tí kò sí sàráà ńkọ́?

Àwọn ọjọ́ yẹn le, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ lọ sí búkà lẹ́yìn tí èrò ọ̀sán bá ti fọ́n ká, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ó fọ abọ́ gba oúnjẹ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá kọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ìjọ Àgùdà náà ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Saint Vincent de Paul, tó bẹ̀rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1833, iṣẹ́ aláìní sì ni iṣẹ́ wọn. Ẹ béèrè wọn ní ọ́fíìsì ìjọ tó bá wà nítòsí yín.

Níbo ni mo ti lè wẹ̀, níbo ni mo sì lè sùn?

Ti ìwẹ̀, ẹ bá Ládánì mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Òun ló mọ̀ bóyá ààyè wà kẹ́ ẹ bu omi kọ́rọ̀. Ẹ má kàn lọ dé ìdí ẹ̀rọ àlùwàlá kẹ́ ẹ bọ́ aṣọ.

Ti oorun, alẹ́ Jímọ̀ ló rọrùn jù, torí ìṣọ́ òru. Ibi tí iná wà tí èèyàn wà, tí wọ́n ń kọrin, dára ju ìta lọ. Láwọn alẹ́ tó kù, iwájú ṣọ́ọ̀bù tó ní ọlọ́dẹ ni kẹ́ ẹ yàn. Ẹ kọ́kọ́ kí ọlọ́dẹ náà, kẹ́ ẹ sọ orúkọ yín fún un, kẹ́ ẹ sì dìde kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó dé. Obìnrin ò gbọ́dọ̀ dá nìkan sùn.

Bí ọlọ́pàá bá mú mi pé mò ń rìn kiri ńkọ́?

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1989 ti sọ pé kò sẹ́ni tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn “wọ́ndárìn” kàn mọ́. Àìnílé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ má bá wọn jà, bí wọ́n bá sì tì yín mọ́lé, ẹ béèrè fún agbẹjọ́rò Public Defender tí ìjọba Èkó ń sanwó fún. Àmọ́ títọrọ báárà lójú pópó ló ń fa wàhálà: ìjọba Èkó máa ń kó àwọn tó bá ń ṣe é, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ lára wọn lọ sí ibùdó tó wà ní Owútù-Májídùn, níbí gan-an ní Ìkòròdú. Ibùdó tí èèyàn ń gbé ni, wọ́n ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń yà jẹun kó máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ irú èyí fúnra rẹ̀, kó lọ bá àwọn wẹ́fíà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Àìsàn ńkọ́?

Bí ikọ́ bá ti lo ọ̀sẹ̀ 2 lọ́rùn yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ikọ́ ife (TB) àti oògùn rẹ̀, oṣù 6 ni wọ́n sì sábà máa ń lò ó. Oògùn kòkòrò HIV náà ọ̀fẹ́ ni. Pàjáwìrì, 112 tàbí 767. Obìnrin tó sá fún ọkọ tó ń lù ú, kó pe 08000 333 333, nọ́ńbà àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé. Wọn kì í gbowó ìpè.

Ṣé ó yẹ kí n sọ fún èèyàn pé n kò nílé?

Ẹ sọ fún ẹnì kan, kì í ṣe fún gbogbo ayé. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ 3 kí n tó lè là á lẹ́nu. Ìyá kan tó ń ta ògì ní Sábó ni mo sọ fún. Kò pariwo, kò bi mí ní nǹkan púpọ̀. Nígbà tó di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò dá mi dúró, mi ò tètè dé mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti pín sàráà tán. Mo ń yí padà lọ ni mo gbọ́ tó ń pe orúkọ mi láti ìdí igbá ògì rẹ̀. Ó ti gba ọ̀rá ìrẹsì kan pa mọ́ fún mi, ó fi ìborùn rẹ̀ bò ó kó má bàa tutù.